Ọmọbìnrin Wa Tó Ń Kàwé Nílé: Kí Ara Rẹ̀ Má Pàdánù Ohun Tí Ilé-ìwé Ń Fún Un



Lóṣù yìí, a fẹ́ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa gan-an bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2023, ní ọ̀sẹ̀ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun kan ní ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ọmọ ojúlé tó kọjú sí tiwa ní Festac ti ilé-ìwé dé. Wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n mú káàdì dání, wọ́n sì ń fi ibi tí wọ́n ti gún wọn lábẹ́rẹ́ lápá han ara wọn. Àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà náà, wò wọ́n títí. Ó wọlé, ó ní, "Ṣé tiwa kò sí níbẹ̀ ni? Àbí nítorí pé a kì í lọ sí ilé-ìwé?"

A kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ oògùn ni iṣẹ́ wa. Àwa la máa ń dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láti rọ àwọn ará pé kí wọ́n má fi àjẹsára ọmọ ṣeré. Síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ó fo ọmọ tiwa. Kì í ṣe pé a kọ abẹ́rẹ́ náà o. A kàn gbàgbé pé àwọn ilé-ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e lọ. Pálọ̀ wa ni ilé-ìwé àwọn ọmọ wa, kò sì sí nọ́ọ̀sì kankan tó mọ̀ pé ilé-ìwé wà níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn la jókòó tí a bi ara wa léèrè: kí ni àwọn nǹkan mìíràn tí ilé-ìwé ń ṣe fún ara ọmọ, tí àwa òbí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó ń ṣe é? Ohun tí a rí la fẹ́ sọ fún yín.

Bí kíláàsì ṣe wọ inú pálọ̀

Ọ̀pọ̀ wa ló rántí oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí wọ́n ti gbogbo ilé-ìwé pa l'Ékòó. Inú ilé ni àwẹ̀ Ràmádáánì ọdún náà bá wa, inú ilé náà ni a ti kírun Ìtùnú Àwẹ̀. Tábìlì oúnjẹ di tábìlì ìwé, ìyá di tíṣà, bàbá di ẹni tó ń béèrè ìsọdipúpọ̀. Nígbà tí ilé-ìwé ṣí padà, ọ̀pọ̀ ọmọ padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí kan wà tí wọn kò dá tiwọn padà. Ìdí rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Owó ilé-ìwé ń ga sí i. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Mile 2 ń gba oorun lójú ọmọ kékeré. Àwọn mìíràn fẹ́ kí ọmọ ráyè há Àlùkùránì sórí kó tó dàgbà. Àwa náà wà lára wọn.

A kò kọ èyí láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni yọ ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé, a kò sì kọ ọ́ láti bá ẹni tó yọ ọ́ wí. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ọjọ́ tí a bá gba iṣẹ́ tíṣà, a ti gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ilé-ìwé àti ti olùkọ́ eré ìdárayá mọ́ ọn. Bí a kò bá ṣe é, ọmọ á mọ̀wé, á mọ kéwú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á jẹ gbèsè.

Ẹsẹ̀ tí kò sáré

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé àwọn ọmọ wa ń jókòó jù. Ní ilé-ìwé, ọmọ á tò sórí ìlà láàárọ̀, á sáré nígbà ìsinmi, á rìn lọ, á rìn bọ̀. Nílé tiwa, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kéwú ló kàn. Lẹ́yìn kéwú, ìṣirò. Lẹ́yìn ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì. Tí ó bá wá di ọ̀sán, fóònù. Nígbà tí ọmọ wa ti àárín gun àtẹ̀gùn àjà kejì tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ìyá àgbà, tí kì í sì í ṣe pé ó ní ikọ́ fée tàbí àìsàn kankan, ó yé wa pé àwa la fa ọ̀rọ̀ náà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré tó ń mú kí ọkàn lù kìkì fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ọmọ ọdún 1 sí 4 nílò tó 180 ìṣẹ́jú ìrìn-sókè-sódò, tí a pín káàkiri ọjọ́. Eré yìí ló ń mú egungun le, tó ń jẹ́ kí oúnjẹ dà, tó sì ń mú oorun alẹ́ dùn.

Àwa tí a ń gbé ní Festac kò yẹ kí a ní àwáwí púpọ̀. Nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ ìlú yìí, kí àwọn àlejò lè ríbi dé sí. Àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ là á ní ìlànà: àfẹ́niù ńlá ńlá, àwọn ojú ọ̀nà tó ya kúrò lára wọn, àti kúlóòsì tó ya kúrò lára ojú ọ̀nà. Kúlóòsì kì í já síbì kankan. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ló ń wọ ọ́, nítorí náà mọ́tò kì í sáré gba ibẹ̀ kọjá. Àyè eré ọmọdé ni. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ tí a páàkì, ìsọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ti gba púpọ̀ nínú àyè yẹn, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣì tó ọmọ mẹ́fà ta súwé.

Nítorí náà, láti ìgbà tí a bá ti kírun Àlàásárì tán títí di bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú Màgàríbì, ìwé di pípadé nílé wa. Àgbàlagbà kan á gbé àga síta, á máa wò wọ́n. Wọ́n á ta súwé, wọ́n á ṣe tẹ́n-tẹ́n, wọ́n á fo okùn, wọ́n á ṣe bojúbojú. Tí òjò bá ń rọ̀, tẹ́n-tẹ́n ṣeé ṣe nínú pálọ̀ bí a bá sún àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Nígbà tí a mú ọ̀rọ̀ yìí dé mọ́ṣáláṣí, tí a bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ọmọbìnrin máa lo àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹnìkan nínú àwọn àgbà wa ní, "Ẹ̀yin ọmọ wa, ọmọbìnrin Mùsùlùmí tún ń sáré ká?" A fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn. Ó wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé ìyá wa Àíṣátù a máa fi ọmọlángidi ṣeré ní ilé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sá pamọ́ nígbà tí Ànábì wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ní kí wọ́n padà lọ bá a ṣeré. Ó wà nínú àkójọ Abu Dawud pé òun àti ìyá wa Àíṣátù jọ sáré ìje. Ó sì gbé Umamah, ọmọbìnrin tí ọmọ rẹ̀ bí, dání lórí ìrun. Tí ó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, á gbé e sílẹ̀. Tí ó bá dìde, á tún gbé e. Bàbá wa náà rẹ́rìn-ín. Àwọn ló kọ́kọ́ ra okùn méjì tí àwọn ọmọ ń fò níbẹ̀ báyìí.

Ojú tí ń wo ìtòsí nìkan

Ní kíláàsì, tíṣà máa ń tètè mọ ọmọ tí kò rí pátákó. Ọmọ náà á dìde sún mọ́ iwájú, tàbí kó máa da ìwé ẹni tó jókòó tì í kọ. Nílé, pátákó kò sí. Gbogbo ohun tí ọmọ ń wò wà ní ìwọ̀n apá rẹ̀ kan. Báyìí ni ojú ọmọ wa ti àárín ṣe ń bàjẹ́ tí a kò mọ̀. A rò pé ìtara ló mú kó máa tẹrí sórí Àlùkùránì. Ìgbà tí a béèrè iye owó tí wọ́n kọ sára pátákó ìsọ̀ kan níta, tó sì ń fún ojú pọ̀, la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Oníṣègùn ojú yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò rí ọ̀nà jínjìn dáadáa. Ó ti ń lo awò báyìí, ìkọ̀wé rẹ̀ sì gún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ọmọ tó bá ń lo nǹkan bíi wákàtí méjì níta nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ kì í tètè ní irú ìṣòro ojú yìí bí èyí tó ń wà nínú ilé ṣáá. Ẹ ò rí i pé eré ìrọ̀lẹ́ tún ń ṣe ojú lóore? Ẹ máa yẹ ojú ọmọ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà gidi, kí ẹ sì tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Tí ọmọ bá ń fún ojú pọ̀, tí orí ń fọ́ ọ lẹ́yìn ìwé, tàbí tó ń jókòó nídìí tẹlifíṣọ̀n pẹ́kípẹ́kí, ẹ má ṣe nà án. Ẹ mú un lọ. Ẹ má sì kán omi kankan tí wọ́n tà fún yín lójú pópó sí i lójú.

Búútà, ìtọ̀ àti omi

Èyí kan àbígbẹ̀yìn wa. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 4 nígbà náà, eré sì dùn mọ́ ọn débi pé á fún itan pọ̀, á máa jó lórí ìdúró, kò ní lọ tọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó sunkún nígbà tó ń tọ̀, ara rẹ̀ sì gbóná. Àyẹ̀wò ìtọ̀ fi hàn pé kòkòrò ti wọ ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà ìtọ̀ ọmọbìnrin kúrú, ó sì sún mọ́ ihò ìdí. Ìdí nìyí tí ọ̀nà tí a gbà ń ṣe ìmọ́tótó lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́ ọmọbìnrin yín láti kékeré pé láti iwájú ni a ti ń fọ ara lọ sẹ́yìn, a kì í fà á láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹ da omi mímọ́ sí búútà. Omi tó ti sùn síbẹ̀ láti àná kò dára. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wọ ṣòkòtò òwú fún un, kí ẹ sì pààrọ̀ èyí tó bá tutù. Ẹ má ṣe da omi apakòkòrò tàbí ọṣẹ olóòórùn dídùn sí ibẹ̀, nítorí ó ń yún ara ọmọ, ó sì ń ṣí ọ̀nà fún àrùn. Láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì, ẹ jẹ́ kó mu omi, kó sì lọ tọ̀. Àwa ti so ó mọ́ àlùwàlá: kí a tó bu omi àlùwàlá, gbogbo wọn á kọ́kọ́ lọ tọ̀.

Tí ọmọ bá ní ibà, tí ìtọ̀ ń ta á, ẹ má ṣe wá sí kẹ́míìsì wá ní kí a ta kápúsù aláwọ̀ méjì fún yín. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ló kọ́kọ́ yẹ, kí dókítà lè mọ oògùn tó bá kòkòrò náà mu. Oògùn tí kò bá a mu kàn ń kọ́ kòkòrò ní ìjà ni.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ aràn inú. Wọ́n máa ń gbé oògùn aràn lọ fún àwọn ọmọ ní ilé-ìwé. Ọmọ tó ń kàwé nílé, tó sì ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀, nílò rẹ̀ bákan náà. Ọmọ tó ti kọjá ọdún 1 lè lò ó ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ sọ ọjọ́ orí ọmọ fún apòògùn kó tó wọ̀n ọ́n, nítorí ìwọ̀n ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kéré sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè ọmọ wa. Abẹ́rẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà ń dènà kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní HPV. Kòkòrò yìí ló wà nídìí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ní ọdún 2020 nìkan, nǹkan bíi 12,000 obìnrin ni wọ́n ṣírò pé àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì pa. Ìyá ọlọ́mọ ni púpọ̀ wọn. Ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba gbé abẹ́rẹ́ náà jáde fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un. Ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn òbí kan ti bi wá ní mọ́ṣáláṣí pé, "Ọmọ tí a tọ́ dáadáa, tí kò ní ṣe ìṣekúṣe, kí ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ yìí ṣe?" Ìbéèrè gidi ni. Òótọ́ ni pé ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà sábà máa ń gbà ran ènìyàn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó pa ara rẹ̀ mọ́ títí dé ilé ọkọ lè kó o láti ara ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ ẹ ní ẹ̀tọ́. Ọkọ náà lè ti ní ìyàwó rí tó kú tàbí tí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀, kí kòkòrò sì wà lára rẹ̀ láìmọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń fún ọmọ kékeré ni pé abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ jù bí ara bá gbà á kí kòkòrò tó dé. Odi ni à ń mọ. Ẹni tó bá mọ odi yí ilé rẹ̀ ká kò pe olè.

Àwọn mìíràn ní ó ń sọ ọmọ di àgàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ yẹn gan-an ló ń mú kí dókítà yọ ilé-ọmọ kúrò lára obìnrin. Orílẹ̀-èdè Malaysia, tí Mùsùlùmí pọ̀ jù níbẹ̀, ti ń fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ láti ọdún 2010. Ní Scotland, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024, wọn kò rí ẹyọ obìnrin kan tó ní jẹjẹrẹ yìí lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà pé nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 12 tàbí 13. Ẹ sì rántí ọdún 2003. Irú àhesọ yìí ló mú kí wọ́n dá oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró fún oṣù púpọ̀ ní Kano, tí àrùn náà sì ràn láti ìhà òkè ọya wa dé àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ló fi ẹsẹ̀ wọn san owó àhesọ yẹn.

Ohun tó lè tẹ̀lé abẹ́rẹ́ náà ni kí apá dun ọmọ, kí orí fọ́ ọ, tàbí kí ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ jẹ́ kó jẹun kó tó lọ, kó sì jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ lè mú kí òòyì kọ́ ọmọ. Tí ọmọ bá ní ibà gidi lọ́jọ́ náà, tàbí tí abẹ́rẹ́ kan ti bá a jà rí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ìyá wọn náà, abẹ́rẹ́ ọmọ kò dáàbò bo ìyá. Ẹni tó ti lé ní ọdún 30, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìbéèrè rẹ̀, a mú ọmọ wa lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé ìjọba. Nọ́ọ̀sì gbé ìwé jáde, ó ní, "Ọmọ mi, ilé-ìwé wo lò ń lọ?" Ọmọ náà wo ojú wa, ó ní, "Ilé wa ni, Mà." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: Ilé. Ó gún un, ó sì fún un ní káàdì tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà la ti ra ìwé kan, tí a pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ojú ewé tẹnìkọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀. A ń kọ ọjọ́ àjẹsára síbẹ̀, ọjọ́ oògùn aràn, ọjọ́ àyẹ̀wò ojú àti eyín, gíga ọmọ àti ìwọ̀n rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé ni àwọn ọmọ wa, nítorí náà ilé-ìwé wọn gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀. Nígbà tí ti àárín pé ọdún 9 ní 2025, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà wá bá wa, tó fi ìka sí àyè tó ṣófo. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni ti ilé-ìwé dé kó tó béèrè tirẹ̀.

Tí ọmọbìnrin yín bá wà láàárín ọdún 9 sí 14, tí kò sì tíì gbà á, yálà ilé ló ti ń kàwé, tàbí ilé-kéwú nìkan ló ń lọ, tàbí kò sí ní ilé-ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n wá, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ béèrè. Bí ẹ bá sì ti ń bọ̀, ẹ ra okùn kan fún un kó máa fò.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti fi yé wa pé ẹni tó bá tọ́ ọmọbìnrin méjì títí tí wọ́n fi dàgbà yóò sún mọ́ òun lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ bí ìka ọwọ́ méjì ṣe sún mọ́ra. Kí Ọlọ́hun jẹ́ ká tọ́ wọn yè, kí ó fún wọn ní ìlera àti ìmọ̀ tó wúlò, kí ó má sì fi àìbìkítà wa jẹ wọ́n níyà. Àmín.